Barakélì Aránbàtà àti Ìjọ Òpópó Aláró

Ní ọdún tí àwọn ọmọ ogun Róòmù kọ́kọ́ pàgọ́ sí ìhà àríwá Jerúsálẹ́mù, àwọn tó wà nínú ìlú náà kò mọ èwo ni kí wọ́n bẹ̀rù jù, ogun tó wà lóde ni àbí èyí tó wà nílé. Lóde, àwọn ará Róòmù ń gé igi ólífì tí àwọn baba ńlá gbìn lulẹ̀, wọ́n ń fi í kan àkàbà tí wọn yóò fi gun odi. Nínú ilé, àwọn onítara, ìyẹn àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ti búra pé ọba kankan kò ní jẹ lórí àwọn mọ́ àfi Ọlọ́run nìkan, ti pín ara wọn sí ọ̀nà mẹ́ta, wọ́n sì ń pa ara wọn láti àdúgbò dé àdúgbò. Wọ́n sun àká ọkà ara wọn níná, láìrántí pé ikùn kan náà ni gbogbo wọn ń bọ́. Ẹni tó bá ní ká bá ogun ṣe àdéhùn, ọ̀dàlẹ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ jáde kúrò nílùú, ọ̀dàlẹ̀ ni. Ìlú tó ti máa ń gba àlejò láti orígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ayé wá di àgò tí a dé mọ́ adìyẹ lórí.

Ní Òpópó Aláró, níbi tí omi aró máa ń ṣàn gba àárín òkúta ìta kọjá, ìjọ kékeré kan wà tó ń pàdé ní yàrá òkè ilé opó kan tó ń jẹ́ Ásúbà. Ẹni mẹ́rinlélọ́gọ́rin ni gbogbo wọn, tọmọdé tàgbà. Abdíélì ni Àpọ́sítélì tó dá ìjọ náà sílẹ̀. Ó wà lára àwọn tí Olúwa rán jáde ní méjì-méjì láyé ìgbà tó fi ẹsẹ̀ rìn lórí ilẹ̀, ọkùnrin gíga, ọkùnrin oníwà tútù, ẹni tí ohùn rẹ̀ ń dún láti inú ikùn wá bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú kànga. Ọdún kẹrin rèé tó ti gba ọ̀nà òkun lọ láti bẹ àwọn ìjọ ilẹ̀ òkèèrè wò. Lówùúrọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, ó gbé ọwọ́ lé Sádókù lórí, ó fi í jẹ alàgbà, ó sì sọ létí gbogbo ìjọ pé, “Ẹ dúró ní ìlú yìí. Ẹ má kúrò níbẹ̀ títí n ó fi ránṣẹ́ sí yín.” Ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n fi ń jí, òun ni wọ́n sì fi ń sùn.

Ẹni tí ìtàn yìí dá lé lórí kò sí lára àwọn tí a gbé ọwọ́ lé lọ́jọ́ náà. Barakélì ni, ọmọ Súrì, aránbàtà, akọni tí kò nídà lọ́wọ́, ọkùnrin kúkúrú tó ń tẹ̀ díẹ̀ tó bá ń rìn. Nígbà inúnibíni ọdún kan, wọ́n mú un lójú ọ̀nà, wọ́n sì fà á lọ síwájú àwọn ìgbìmọ̀. Wọ́n bi í léèrè bóyá ọmọ ẹ̀yìn ará Násárétì ni. Ó wo òkúta tó wà lọ́wọ́ àwọn tó yí i ká, ó ní, “Èmi kò mọ̀ ọ́n rí.” Wọ́n sì jẹ́ kó máa lọ. Odindi oṣù kan ni kò fi dé ọ̀dọ̀ àwọn ará. Abdíélì fúnra rẹ̀ ló lọ wá a rí ní ẹ̀yìn ọjà awọ, tó mú un lọ́wọ́ wá sílé, tó sì ní kó máa jókòó nídìí àkàsọ̀ ilé Ásúbà, kó máa rán bàtà rẹ̀ níbẹ̀, kó sì máa ṣílẹ̀kùn fún àwọn ará. Ibẹ̀ ló wà láti ìgbà náà. Kò gbàdúrà sókè láàárín ìjọ, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè ìdí.

Kí ogun tó dé ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni arákùnrin kan láti erékùṣù Kípírù mú ìròyìn wá pé wọ́n ti fi idà pa Abdíélì ní ìlú kan létí òkun. Ìjọ fa aṣọ ya, wọ́n sọkún ọjọ́ méje. Nígbà tí ẹkún dá, ìbéèrè kan kù nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ gbé. Àpọ́sítélì ní kí wọ́n dúró títí òun yóò fi ránṣẹ́. Òun náà ti kú. Ta ni yóò wá rán ìránṣẹ́?

Ogun náà yí ìlú ká fún ọjọ́ díẹ̀, wọ́n ń fi igi ńlá gbá ilẹ̀kùn odi, ó kù díẹ̀ kí wọ́n wọlé. Lójijì, láìsí ẹni tó lé wọn, balógun Róòmù fọn fèrè, ó sì kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ padà sẹ́yìn. Àwọn onítara tú jáde, wọ́n ń lé wọn, wọ́n ń kó ìkógun. Ìlú bú sáyọ̀. Wọ́n ń jó ní gbogbo ìta, wọ́n ń sọ pé Ọlọ́run ti jà fún wọn. Barakélì wà lórí odi lọ́jọ́ náà, torí wọ́n ti fipá mú un lọ rán okùn bàtà àwọn ẹ̀ṣọ́. Ó wo eruku ẹsẹ̀ àwọn ará Róòmù bó ti ń rọlẹ̀ ní ojú ọ̀nà òkun. Inú rẹ̀ kò dùn. Ohun tó ń rò ni pé ẹni tó kó ọgbẹ́ lọ sílé yóò padà wá, kò sì ní dá nìkan wá.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ bá Ìyá Ásúbà nídìí àdògán rẹ̀. Obìnrin yìí ti lé ní àádọ́rin ọdún, òun nìkan ló sì kù nínú ìjọ náà tó ti fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ohùn Olúwa. Barakélì ní, “Ìyá, ẹ tún ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn sọ fún mi.”

Ásúbà mọ èyí tó ń béèrè. Ó ní, “Oyún oṣù mẹ́jọ ló wà nínú mi lọ́jọ́ náà, ìyẹn ni mo ṣe rántí. Ó ní ọjọ́ tí a bá rí i tí ogun yí ìlú yìí ká, ká sá lọ sórí òkè, kí ẹni tó wà lókè àjà má ṣe sọ̀ kalẹ̀ wá kó ẹrù. Ó wá wo ojú àwa aboyún, àánú wa sì ṣe é. Mo rò pé lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni yóò ṣẹlẹ̀. Mo di ẹrù, ọkọ mi fi mí rẹ́rìn-ín.” Ó da èédú sínú àdògán. “Ogun ti yí wa ká, Barakélì. Ó sì ti ṣí ọ̀nà díẹ̀ fún wa. Kí la ń dúró dè?”

Lọ́jọ́ kejì, tí í ṣe ọjọ́ ìpàdé, Barakélì gun àkàsọ̀ dé òkè fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún púpọ̀. Sádókù ló jókòó síwájú. Ẹ jẹ́ ká bu ọlá fún ẹni tí ọlá yẹ: ọmọ ìdílé àlùfáà ni Sádókù, arẹwà àgbà, onírùngbọ̀n funfun, ẹni tí kì í jẹun kí opó ìkẹyìn tó gba tirẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀, Jẹ́dídà, tí ọkọ rẹ̀ kú nínú ìjà ìgboro lọ́dún tó kọjá, jókòó nítòsí rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ méjì. Barakélì dọ̀bálẹ̀ fún alàgbà, ó ní, “Baba, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká máa lọ kí ọ̀nà tó dí. Ẹ̀yin ni kí ẹ ṣíwájú. Èmi yóò máa ru ẹrù bọ̀ lẹ́yìn.”

Sádókù ní, “Lọ síbo? Ta ló rán wa?”

“Ọ̀rọ̀ Olúwa ni, Baba.”

“Ọ̀rọ̀ Olúwa kan náà ni Àpọ́sítélì mọ̀ kó tó sọ pé ká dúró. Bí baba bá pàṣẹ fún ọmọ rẹ̀, tí baba sì kú, ṣé àṣẹ náà kú ni? Ohun tí a fi mọ ìjọ yàtọ̀ sí agbo ọlọ̀tẹ̀ tó wà ní ìta nìyí: àwa ní ẹni tó rán wa, a sì ń ṣe ohun tó wí.”

“Baba, ká ní Abdíélì wà níbí lónìí, tó rí ohun tí mo rí lórí odi…”

“Ohun tí gbogbo ọlọ̀tẹ̀ máa ń sọ nìyẹn,” Sádókù dáhùn, ohùn rẹ̀ kò sì le. “Ká ní baba wà níbí, ohun tí mo fẹ́ ni ì bá sọ.”

Ásúbà dá sí i láti orí àpótí rẹ̀. Ó ní, “Alàgbà, ṣé a kò gbọ́ pé Pọ́ọ̀lù dojú kọ Pétérù ní Ántíókù níwájú gbogbo ènìyàn, tó ní ó ṣìnà? Tí ọ̀rọ̀ Pétérù bá ṣeé yẹ̀ wò, ti Abdíélì kò kọjá bẹ́ẹ̀.”

“Ìyá, àpọ́sítélì ló dojú kọ àpọ́sítélì níbẹ̀ yẹn. Àgbò méjì ló kan ara wọn. Ta nìyí?” Ó wá yíjú sí Barakélì. Ojú ro ó, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. “Ẹnu tí o fi sọ pé o kò mọ Olúwa rí, ṣé òun náà lo fẹ́ fi darí agbo Rẹ̀?”

Ọdún gbogbo tí Barakélì fi jókòó sídìí àkàsọ̀, ọ̀rọ̀ yìí ló ń retí, ó sì ń yà á lẹ́nu pé ó pẹ́ tó báyìí kó tó dé. Jẹ́dídà ló fọhùn. Ó ní, “Baba mi, Pétérù náà sẹ́.”

Sádókù ní, “Barakélì kì í ṣe Pétérù.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, n kì í ṣe Pétérù,” Barakélì wí. Ó dìde dúró. “Baba, òótọ́ lẹ sọ. Mo sẹ́ Olúwa, ẹ̀rù ló sì mú mi sẹ́ Ẹ, kò sí àlàyé mìíràn. Ẹ̀yin ará mi, kò sí àṣẹ kankan lọ́wọ́ mi. Ẹnikẹ́ni kò gbé ọwọ́ lé mi lórí, kò sì sí ìdí tó fi yẹ kí wọ́n gbé e. N kò ní kí ẹ tẹ̀ lé mi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé rírán ni wọ́n rán Abdíélì. Ìránṣẹ́ kì í jẹ́ iṣẹ́ tó ju ti ọ̀gá rẹ̀ lọ. Ọ̀gá ti sọ̀rọ̀. Ẹni tó ti sá fún Olúwa rí mọ bí ọkàn ṣe máa ń rí lójú sísá yẹn: ó máa ń wo ẹ̀yìn, ó máa ń wá ibi tó ṣókùnkùn. Ọkàn mi kò rí bẹ́ẹ̀ lónìí. Ẹ̀rù ń bà mí o, ṣùgbọ́n kì í ṣe Òun ni mo ń sá fún. Ní aago mẹ́ta ọ̀sán ọ̀la, n ó wà ní ẹnu Bodè Ìlà-oòrùn. Ẹni tó bá ń lọ, kó gbé bàtà rẹ̀ wá fún mi lónìí kí n rán ibi tó bá já.”

Títí ilẹ̀ fi ṣú lọ́jọ́ náà ni bàtà ń wọlé. Mọ́kànlélọ́gọ́ta ni àwọn tó pinnu láti lọ. Sádókù kọ̀, àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sì dúró tì í. Àwọn méje ṣẹ́ kù tí kò sí ní ìhà kankan, torí aláìsàn ni wọ́n, orí ẹní ni wọ́n wà nílé ìsàlẹ̀, wọn kò lè dìde. Ẹnìkan bi Barakélì léèrè pé àwọn wọ̀nyí ńkọ́. Ó ń fa okùn gba ojú ìhò bàtà, kò gbójú sókè. Ó ní, “Baba Sádókù wà pẹ̀lú wọn. Olúwa yóò pèsè.” Ásúbà wò ó fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí Jẹ́dídà lọ dágbére fún baba rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, arúgbó náà gbé àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ méjèèjì lé itan, ó fi imú kan wọn lórí bí ẹni tó ń gbọ́ òórùn àkàrà gbígbóná, ó gbé wọn sílẹ̀, ó sì wọlé. Kò súre, kò sì ṣépè.

Ọ̀gá àwọn onítara tó ń ṣọ́ Bodè Ìlà-oòrùn ń jẹ́ Gérà, ọ̀dọ́kùnrin tí ọgbẹ́ iná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀. Àwọn ará ti jọ pinnu láti sọ pé oko ọ̀pẹ ní ìhà Jẹ́ríkò ni àwọn ń lọ, láti lọ ká èso kí ogun tó padà. Gérà gbọ́ tán, ó wo àwọn arúgbó àti àwọn ọmọ ọwọ́, ó rẹ́rìn-ín. Ó wá wo Barakélì lẹ́sẹ̀. Ó ní, “Mo mọ̀ ọ́. Aránbàtà ni ọ́. Wọ́n ní aránbàtà kan ló ń ṣọ́ ilẹ̀kùn àwọn ará Násárétì, àwọn tí kò fẹ́ jà fún ìlú. Ṣé ìwọ ni? Tí o bá ní ìwọ kọ́, mo gbà, ẹ máa lọ sí oko ọ̀pẹ yín.”

Barakélì mọ ìbéèrè náà. Ahọ́n rẹ̀ ti mọ ojú ọ̀nà ìdáhùn, ó ti ń lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ọgọ́ta ẹ̀mí yóò sì kọjá. Ó gbọ́ bí Ásúbà ṣe ń mí lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, “Èmi ni. Ọmọ ẹ̀yìn Rẹ̀ ni mí. Irọ́ ni oko ọ̀pẹ, a ń sá lọ ni.”

Àwọn ẹ̀ṣọ́ fa idà yọ. Obìnrin kan kígbe. Gérà gbé ọwọ́ sókè dá wọn dúró, torí ìdáhùn náà yà á lẹ́nu. Ó ní, “Kí ló dé tí n kò fi ní pa gbogbo yín síbí?”

“Torí pé ìwọ ni balógun, o sì mọ iye ọkà tó kù,” Barakélì dáhùn. “Ẹ ti jó àká yín fúnra yín. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi yìí kò ní gbé idà, bí o pa wọ́n, bí o dá wọn sí. Ṣùgbọ́n wọn yóò jẹun. Ẹnu mọ́kànlélọ́gọ́ta ni. Jẹ́ kí wọ́n lọ jẹun níbòmíràn, kí oúnjẹ wọn kù fún àwọn tìrẹ. Tí o bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnìkan, èmi ló ṣáájú wọn débí.”

Gérà ronú. Ó ní, “Ọwọ́ tí kò ní di idà mú fún ìlú rẹ̀ kò nílò àtàǹpàkò. Ọkùnrin mọ́kàndínlógún ni mo kà nínú yín. Kí olúkúlùkù wá fi tirẹ̀ sílẹ̀ níbí kó tó kọjá.”

Barakélì na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ọwọ́ tó fi ń jẹun, ọwọ́ tó fi ń ti òlù wọ inú awọ láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó tẹ́ ẹ lé orí òkúta bodè. Ó ní, “Gba tèmi dípò tiwọn.” Wọn kò jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ pé kò ké. Òun fúnra rẹ̀ sọ nígbà tó yá pé òun ké, ariwo ẹ̀kún àwọn ọmọ ni kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Jẹ́dídà ya ìborí rẹ̀, ó fi di ọwọ́ náà, bodè sì ṣí.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ sí Jọ́dánì lábẹ́ òjò. Ní ọjọ́ kẹta, ibà mú Barakélì, ó ń sọ ìsọkúsọ, wọ́n sì ń gbé e. Nígbà tí wọ́n dé etí odò, omi ti kún, ó pọ́n, ó ń wọ́ igi lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ipò tún ti bẹ́ sílẹ̀. Ọkùnrin kan ní òun ni kí wọ́n gbọ́ràn sí lẹ́nu títí ara Barakélì yóò fi yá, torí òun ni Abdíélì kọ́kọ́ rì bọmi nínú ìjọ. Òmíràn ní ìbátan Sádókù ni òun, ìdílé àlùfáà ló sì ni ìṣáájú. Wọ́n ń jiyàn, òjò ń pa àwọn ọmọ. Jẹ́dídà gbé ọmọ rẹ̀ fún ẹnìkan, ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó mú igi gígùn, ó sì wọ inú odò lọ, ó ń fi igi náà wọn ìsàlẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n pè é pé kó padà. Kò wẹ̀yìn. Ó ní, “Ẹ máa wá ẹni tó ga jù. Èmi ń wá ibi tí omi ti rẹlẹ̀ jù.” Ó rí i, ní ìsọ òkúta mẹ́ta sí ìsàlẹ̀ odò. Ibẹ̀ ni wọ́n gbà kọjá, wọ́n di okùn mọ́ ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọn kò sì pàdánù ẹnikẹ́ni sínú omi.

Ásúbà kú ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìyẹn, lábẹ́ òkè kan tí omi tútù ti ń sun láti inú àpáta. Ohun tó sọ gbẹ̀yìn ni pé omi náà dùn. Wọ́n sin ín síbẹ̀, agara sì ti dá wọn, wọn kò lè rìn mọ́. Báyìí ni ìlú tí a ń pè ní Orísun Ásúbà ṣe tẹ̀dó. Ara Barakélì yá, ó kọ́ bí a ṣe ń fi ọwọ́ òsì gbẹ́ ilẹ̀, kò sì rán bàtà mọ́ láyé rẹ̀. Láìsí ẹni tó yàn án, òun ni wọ́n ń wò lójú kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun.

Ọdún kẹrin tí wọ́n jáde ni Jerúsálẹ́mù ṣubú. Àwọn ará Róòmù padà wá lóòótọ́, wọ́n sì mọ odi yí odi ká. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló ti Òpópó Aláró wá sí Orísun Ásúbà lẹ́yìn náà. Mẹṣúlámù ni orúkọ rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó dúró ti Sádókù. Ó ti gbẹ bí ẹja sísun. Wọ́n fún un ní omi ẹ̀wà díẹ̀-díẹ̀, kó má bàa kú sí wọn lọ́wọ́. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, Jẹ́dídà bi í léèrè baba rẹ̀.

Mẹṣúlámù ní, “Ọjọ́ kejì tí ẹ lọ, ó pe gbogbo wa jọ. Ó ní Barakélì ló gbọ́ràn, pé òun ló ṣìnà, pé kí àwa náà múra ká máa lé yín lọ kí bodè tó tì pátápátá. A ní kó jẹ́ ká jọ lọ nígbà náà. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀, ó wo àwọn méje tó wà lórí ẹní. Ó ní kí àwa máa lọ, òun kò lọ. Ó ní òun kò rí ìdí tí Olúwa yóò fi pèsè fún wọn nígbà tí òun wà níbẹ̀ tí ọwọ́ òun méjèèjì ṣì pé. A kò lè fi í sílẹ̀. Òun ló ń fọ̀ wọ́n, òun ló ń bọ́ wọn. Nígbà tí ìyàn mú, ó ń fún wọn ní tirẹ̀. Ó kú ṣáájú mẹ́ta nínú wọn.”

Barakélì wà níbẹ̀. Ó dìde, ó jáde. Wọ́n bá a lẹ́yìn ilé, ó ń gbá ògiri amọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tí kò ní àtàǹpàkò. Ó ń sọ pé, “Okùn bàtà ni mò ń fà. Wọ́n bi mí léèrè wọn, okùn bàtà ni mò ń fà.” Ọkùnrin mọ́kàndínlógún ló jáde ní bodè. Méjì-méjì lè gbé ẹní kan. Ó ti ṣe ìṣirò náà. Bí wọ́n bá ti gbé wọn, bóyá Gérà ì bá má jẹ́ kí wọ́n kọjá, bóyá odò ì bá gbé wọn lọ. Ṣùgbọ́n kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi jẹun.

Nígbà tó di àsìkò kan, àwọn ará péjọ, wọ́n ní àwọn fẹ́ máa pè é ní Àpọ́sítélì, torí Ọlọ́run ti rán an sí wọn, wọ́n sì fẹ́ kọ́ ìjókòó gíga fún un ní iwájú ilé àdúrà. Ó dúró láàárín wọn, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi, èmi àti Sádókù, ta ló ṣe olórí nínú wa? Mo mọ ọ̀nà, n kò rántí àwọn tí kò lè rìn ín. Ó rántí wọn, ó pẹ́ kó tó mọ ọ̀nà. Ká ní a fi ara wa pọ̀ ni, tí n kò kánjú, tí òun náà kò sì bínú, gbogbo ẹni mẹ́rinlélọ́gọ́rin ni ì bá jáde nílùú náà. Ẹ má kọ́ ìjókòó fún mi. Tí ẹ bá fẹ́ fún mi ní nǹkan, ẹ fún mi ní òfin kan: kí a má ṣe pinnu ọ̀rọ̀ kankan ní ìlú yìí, ìbáà ṣe ti àdúrà, ti oko, tàbí ti ogun, kí ẹnìkan tó béèrè pé, ‘Ta ló wà lórí ẹní?’ Kí wọ́n gbé ẹni náà wọlé, kó jókòó síwájú, kó sì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.” Wọ́n fún un ní òfin náà.

Ọgbọ̀n ọdún kọjá. Ìjọ ńlá tó wà ní Ántíókù gbọ́ nípa àwọn ará tó wà lórí òkè yìí, wọ́n sì rán ọ̀dọ́ olùkọ́ kan sí wọn tó ń jẹ́ Onẹ́símédésì, ẹlẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀wé, pé kó wádìí ẹni tó ń ṣàkóso wọn, àti àpọ́sítélì tí ẹni náà gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìpàdé. Jẹ́dídà, tí irun orí rẹ̀ ti funfun, ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àlejò kí i, ó ṣí ìwé rẹ̀, ó ní, “Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ta ni olórí ìjọ yìí?”

Jẹ́dídà ní, “Ẹ ṣeun tí ẹ tètè dé, ó ku ènìyàn kan fún wa. Ẹ bá mi gbá ìdí ẹní yìí mú, apá ibẹ̀ yẹn.”

Arúgbó kúkúrú kan wà lórí ẹní náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti kú. Àlejò wò yíká bóyá ẹlòmíràn wà tí yóò gbé e, kò sí. Ó ká ìwé rẹ̀, ó fi sí abíyá, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì gbé e. Arúgbó náà wúwo ju bó ti rí lọ. Ó di ọrùn àlejò mú kó má bàa ṣubú, ọ̀dọ́ olùkọ́ náà sì rí i pé ìka mẹ́rin péré ló wà ní ọwọ́ tó fi dì í mú. Ó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, Baba. Ṣé mi ò pa yín lára?”

Barakélì ní, “Rárá, ọmọ mi. O mọ̀ ọ́n gbé.”

Ọdún yẹn náà ló kú, wọ́n sì sin ín sí ẹ̀gbẹ́ Ásúbà. Wọn kò kọ ipò kankan sí orí òkúta rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Orísun Ásúbà, nígbàkigbà tí wọ́n bá bu àkàrà, orúkọ Sádókù àti ti àwọn méje ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè, gẹ́gẹ́ bí Barakélì ṣe fi lélẹ̀, kí wọ́n tó pe tirẹ̀. Nínú ilé àdúrà wọn, wọ́n kọ́ ẹnu ọ̀nà ní fífẹ̀ ju ti ilé mìíràn lọ, tó fi jẹ́ pé ẹni méjì lè gba ibẹ̀ wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, pẹ̀lú ẹní láàárín wọn.